Itọ́ Àṣírù, Orúkọ Clement

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ Asuláyì, ẹ̀yin ọmọ Súlè. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn sún mọ́ iwájú, nítorí mi ò ní gbóhùn sókè, mi ò sì ní tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, mo sì ti ṣèlérí fún Àṣírù pé mo máa kà á láìfo ìlà kan. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lẹ ti mọ̀ mí sí ẹni tí àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn Júù ilẹ̀ Mòrókò ń ṣàn lára rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbọ́ ọ ní ìpàdé àwọn onílé, ẹ tilẹ̀ gbọ́ ọ níbi ìsìnkú tí kò kan ọ̀rọ̀ DNA rárá. Irọ́ ni mo pa. Itọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò nílùú òyìnbó kì í ṣe itọ́ ẹnu mi. Itọ́ Àṣírù ni. Mo gbà á lẹ́nu rẹ̀ lójú ara rẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí mo ti ń gbà á, mo sì kọ orúkọ mi sí i lára.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Clement Olúfẹ́mi Asuláyì ni mí, mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Festac ni mo ń gbé, nítòsí 23 Road, láti ìgbà tí àwọn ilé náà ṣì ń rùn ọ̀dà tuntun. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú fáìlì ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Ìkẹjà, ìwé kan ṣoṣo kò sọnù lọ́wọ́ mi rí. Agbéraga ni mí, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Mo fẹ́ràn kí wọ́n dìde fún mi. Mo fẹ́ràn kí wọ́n sọ pé, “Ẹ wo bó ṣe ń kọ̀wé, ẹ wo bó ṣe ń rìn, ọmọ ilé ire ni.” Ìgbéraga ọ̀hún kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo sì tún máa gbéraga kí n tó jókòó lónìí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé ohun ẹlòmíràn ni mo fi ń ṣe é.

Nígbà tí a wà ní kékeré, bàbá mi a máa mú wa jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, a sì sọ ìtàn Dáfídì Asuláyì fún wa. Júù ni, ará ìlú kan létí òkun Mòrókò. Ó wá ń ra epo àti èkùrọ́ lẹ́bàá ọ̀sà wa yìí ní nǹkan bí ọdún 1884. Bí ọkọ̀ ojú omi mẹ́wàá gbé epo dé lọ́jọ́ Sátidé, kò ní ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibí fi ń pè é ní Òyìnbó Àbámẹ́ta. Ìwé àdúrà rẹ̀, tí wọ́n fi lẹ́tà Hébérù tẹ̀, wà nínú àpótí bàbá mi, a kì í fọwọ́ kàn án bí a ò bá tíì fọ ọwọ́ wa mọ́. Bàbá mi kò sọ rí pé ọmọ bíbí Dáfídì ni Ernest, bàbá tirẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Ilé Dáfídì la ti jáde.” Àwa ọmọ la fi ẹnu ara wa parí rẹ̀. Bákan náà, gbogbo ọdún Iléyá ni bàbá mi, Kìrìsìtẹ́nì, máa ń kó wa lọ sí Ijegun-Egba, sí agboolé àwọn Súlè tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, a sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá Àṣírù, ẹni tí bàbá mi fi ọdún méjìlá jù lọ. Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí àgbà fi ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé. Ó ní, “Clement, ẹni tó ni ilé là ń kí.” Mo rò pé nítorí ilẹ̀ ni. Àwọn Súlè ní ilẹ̀ púpọ̀ nígbà náà, wọ́n ṣì ní in títí dòní.

Lọ́dún 2005, Débọ́lá ọmọ mi sáré wọlé láti ilé kọ̀ǹpútà kan lẹ́bàá First Gate, ó mú ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde dání. Ó ní, “Dádì, ẹ wá wo nǹkan o! Òyìnbó kan ń jẹ́ orúkọ wa!” Òyìnbó náà ni màmá tí ẹ rí níwájú yìí, Dorothy, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní London. Bàbá àgbà rẹ̀ àti Dáfídì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Gbogbo ohun tí ẹbí wọn mọ̀ ni pé Dáfídì lọ sí Èkó, kò sì padà. Ó ti wá orúkọ yẹn káàkiri nínú àwọn ìwé ìforúkọsílẹ̀ sínágọ́gù, nínú àkọsílẹ̀ ọkọ̀ òkun, kó tó wá rí orúkọ Débọ́lá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní àyẹ̀wò kan wà fún ohun tí bàbá ń gbé lé ọmọkùnrin lọ́wọ́, tí ọmọkùnrin náà ń gbé lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìran dé ìran. Ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ti ṣe é. Bí èmi náà bá ṣe é, kò sí ẹni tó tún máa jiyàn mọ́. Ó fi páálí kékeré kan ránṣẹ́, igi olówùú méjì ló wà nínú rẹ̀. Èèyàn máa fi òwú orí rẹ̀ fá inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, á sọ ọ́ sínú ìgò, á fi ránṣẹ́ padà. Mo fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi níwájú dígí bí ẹni tó ń múra ìgbéyàwó. Kí èsì tó dé ni mo ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti tẹ káàdì tuntun, mo kọ “Ọmọ Asuláyì ti Mòrókò” sábẹ́ orúkọ mi. Arúgbó tí kò gbọ́n.

Èsì dé ní oṣù kẹta ọdún 2006. Èmi nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń ṣí i, èmi nìkan ló sì jókòó nídìí kọ̀ǹpútà náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní ìran bàbá mi jẹ́ ìran tó wọ́pọ̀ ní apá tiwa ní Áfíríkà yìí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n Dorothy kò pàdé níbì kankan. Ẹ wò ó, mo jókòó síbẹ̀ títí onílé kọ̀ǹpútà fi wá béèrè pé, “Bàbá, ṣé kò sí wàhálà?” Mo ní kò sí. Ojú ń tì mí bí ẹni tí aṣọ bọ́ lára rẹ̀ lójú títì. Dípò kí n sọ òótọ́ fún Dorothy, mo kọ̀wé sí i pé ooru Èkó ti ba òwú náà jẹ́, kó fi òmíràn ránṣẹ́. Ó fi í ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé òun dà mí láàmú.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bàbá mi padà wá sí mi létí: ẹni tó ni ilé là ń kí. Mo wọ ọkọ̀ mi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo gba Alákijà lọ sí Ijegun-Egba. Ẹ mọ ibi iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù Àṣírù. Mo bá a níbẹ̀, sìmẹ́ńtì bò ó láti irun títí dé ìpéǹpéjú. Mo ní, “Àṣírù, dókítà ọ̀rẹ́ mi kan ń yẹ àwọn tó ń fa eruku sìmẹ́ńtì símú wò lọ́fẹ̀ẹ́. Itọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ lára ẹ.” Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó ya ẹnu fún mi bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ fún lóògùn. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, “Ẹ ṣeun o, Bọ̀dá Clement. Ta ló ń rántí àwa oníbúlọ́ọ̀kù? Ọlọ́run á fi alábàárò yín náà fún yín.” Ó gbé odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan sẹ́yìn ọkọ̀ mi. Mo gbà á. Mo dúpẹ́ pàápàá.

Bí mo ti fẹ́ máa lọ, oòrùn ń wọ̀, mo rí Màmá Ṣẹ̀fíátù, àbúrò bàbá Àṣírù, tó ń tan àtùpà sí ojú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ iná mànàmáná wà nílé. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, mo sì béèrè pé kí ni àtùpà wà fún. Wọ́n ní, “Àṣà ilé wa ni. Rékíyà, ìyá bàbá mi, ló kọ́ wa. Ó ní ọkọ òun kì í jẹ́ kí ilé ṣókùnkùn bí oòrùn Jímọ̀ bá ń wọ̀. A ò mọ ìdí ẹ̀, a ṣáà ń ṣe é.” Ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbà tí oòrùn Jímọ̀ bá ń wọ̀ ni Sábáàtì àwọn Júù ń bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ níbẹ̀ pé àwọn Súlè ni ọmọ Dáfídì. Kí èsì kankan tó ti London dé ni mo ti mọ̀. Orúkọ bàbá Màmá Ṣẹ̀fíátù ni Ìsíákà, Ìsáàkì sì ni Ìsíákà. Asuláyì ni àwọn ará àdúgbò gé kúrú tó di Súlè, tí gbogbo wa sì rò pé láti ara Sùlèmánà ló ti wá. Mo wọkọ̀ mi, mo wakọ̀ padà sí Festac, mo sì fi ọwọ́ tó mọ̀wé kọ yìí kọ “Clement Asuláyì” sára ìgò náà.

Nínú àmì ìran mẹ́tàdínlógójì tí wọ́n yẹ̀ wò lára itọ́ náà, mẹ́rìndínlógójì bá ti ẹ̀gbọ́n Dorothy mu. Dorothy pè mí lórí fóònù, ó ń sunkún. Lẹ́tà ń wọlé láti London, láti Háífà, láti Kánádà, gbogbo wọn ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ní bàbá, ní ẹni tó sọnù tí a rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ń kí mi ní “Ọmọ Ísírẹ́lì!” Kí ẹnu má baà máa kùn, mo padà sọ fún Àṣírù pé dókítà ní àyà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìpalára nìyẹn. Ẹ máa gbọ́ ohun tí ó fà.

Mo ti ń bọ̀ níbi tó burú jù báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí n sá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2007, Dorothy fò wá sí Èkó. Ó jókòó ní pálọ̀ mi pẹ̀lú ìwé ìdílé tó tẹ̀ sórí bébà gígùn kan, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, orúkọ mi sì wà lábẹ́ ti Dáfídì gan-an. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n kan géètì. Màmá Ṣẹ̀fíátù ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, wọ́n wọ aṣọ àlà, Màrdíyyàh ọmọ ọmọ wọn dì wọ́n lápá mú. Wọ́n ní, “Clement, mo gbọ́ pé ẹbí Òyìnbó Àbámẹ́ta dé. Mo ní kí n wá fojú kàn wọ́n kí n tó kú. Mo sì mú nǹkan bọ̀ fún ẹ.” Mo ní, “Màmá, mo ní àlejò. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.” Wọ́n ní, “Ọjọ́ mìíràn wo ni arúgbó ní?” Kí n tó pa géètì dé, Dorothy ti jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni màmá yìí. Mo fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Mo ní, ìran ẹrú ilé wa àtijọ́ ni wọ́n.

Màmá Ṣẹ̀fíátù yíjú sí ọmọ ọmọ wọn, wọ́n ní, “Kí ló wí?” Màrdíyyàh ti ń ka ìwé ní yunifásítì nígbà náà, ọ̀rọ̀ mi yé e dáadáa. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, “Màmá Àgbà, wọ́n ní ẹrú wọn ni wá.” Mo rò pé wọ́n máa bú mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, “Clement, o ò tíì ka ìwé yìí rí, àbí?” Wọ́n fi àpò ìwé kan tó ti gbó bí ewé gbígbẹ sí mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan Dorothy lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ní, “Káàbọ̀, ọmọ bàbá mi.” Dorothy rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí pé kí ni wọ́n sọ. Ẹ gbọ́ ohun tí èmi Clement sọ, èmi tí mo ń gba Ìdàpọ̀ Mímọ́ ní gbogbo oṣù. Mo ní, owó ni wọ́n ń tọrọ. Dorothy ṣí báàgì rẹ̀, ó mú bébà owó òyìnbó kan, ó fi í sí ọwọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń wá kiri láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn. Màmá Ṣẹ̀fíátù wo owó náà, wọ́n wò mí. Wọ́n ká a sí méjì, wọ́n dá a padà sí ọwọ́ Dorothy, wọ́n sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọdé. Wọ́n yí padà, wọ́n ń lọ. Wọn ò bojú wẹ̀yìn.

Mo ju àpò ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, mo tì í pa, mi ò kà á. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìwé tó máa já mi ni. Oṣù kejì ọdún 2008 ni Màmá Ṣẹ̀fíátù jáde láyé. Mo lọ síbi ìsìnkú, wọ́n fi mí jókòó níwájú nítorí ẹni ńlá ni mí. Màrdíyyàh gbé omi wá fún mi, ó kúnlẹ̀ fi í fún mi gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a kọ́, àmọ́ kò wò mí lójú. Mo gbé omi náà sílẹ̀, mo dìde. Nígbà tí mo délé, n kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi ṣí dúrọ́ọ̀ náà.

Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo kọ ọ́. Bí mo ṣe ń tẹ lẹ́tà “g”, bí mo ṣe ń fa ìrù “y”, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọdún 1911 ló wà lórí rẹ̀, Yorùbá ni, ọwọ́ Ernest bàbá bàbá mi. Mo máa kà á fún yín bó ti rí: “Èmi Ernest, tí ìyá mi sọ ní Fọláyan, ni mo kọ ìwé yìí fún àbúrò mi Ìsíákà. Ogun kó mi ní ilẹ̀ Èkìtì, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n tà mí kí n tó dé etí ọ̀sà. Bàbá rẹ rà mí, ọjọ́ náà gan-an ló sì sọ fún mi pé n kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní àwọn baba òun ti ṣe ẹrú rí ní Íjíbítì, àwọn kò sì gbọdọ̀ gbàgbé. Ó rán mi lọ sí ilé ìwé míṣọ́nnárì, ó fún mi ní orúkọ rẹ̀ láti máa jẹ́. Nígbà tí ó ń kú lọ, ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ní kí n kọ́ ọ ní ìwé. Mo ti kọ́ ọ. Ìwé àdúrà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nítorí ìwọ lo ní kí n máa tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí ìwọ tàbí ọmọ rẹ bá béèrè, tiyín ni. Bí àwọn ọmọ mi bá gbàgbé ibi tí mo ti wá, ẹ fi ìwé yìí hàn wọ́n. Kí ojú má ṣe tì wọ́n, nítorí ojú kò ti èmi.”

Ẹ̀yin ará, ìwé iyì bàbá bàbá mi ni màmá yẹn gbé láti Ijegun-Egba wá fún mi lọ́jọ́ tí mo pè wọ́n ní ẹrú. Wọn ò wá gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Wọ́n wá fún mi ní nǹkan ni. Èmi ni mo jẹ́ ọmọ ọmọ ẹni tí wọ́n tà, àwọn sì ti mọ̀ ọ́n láti ọdún gbọ́nhan, wọn ò fi bú wa rí. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìsíákà tí Ernest kọ́ níwèé ló kọ́ àwọn àbúrò ìyá rẹ̀, àwọn ni wọ́n jókòó ka gbogbo ìwé ilẹ̀ tí àwọn oníjìbìtì gbé wá. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kankan kò fi lè fi ìwé irọ́ gba ilẹ̀ tí a jókòó lé yìí. Ọmọ tí wọ́n tà nígbà mẹ́ta ló dá ilẹ̀ yìí dúró. Ẹ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú ìdílé tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wá, kí n rí i.

Mo padà lọ ṣí èsì àkọ́kọ́, èyí tí í ṣe tèmi gan-an, tí mi ò bojú wò mọ́ láti ọdún méjì. Ọkùnrin kan ti wà níbẹ̀ tí ohun tirẹ̀ bá tèmi mu, Ọ̀gbẹ́ni Curtis, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà, ọmọ àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó lọ. Ìgbà mẹ́ta ló ti kọ̀wé sí mi. Nínú ẹ̀kẹta, ohun tó kọ kò ju pé, “Jọ̀ọ́, bí o bá wà níbẹ̀, sọ fún mi ibi tí a ti wá.” Èmi ń jókòó sídìí tábìlì ẹbí ẹlẹ́bí, ẹbí tèmi ń kanlẹ̀kùn. Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé Èkìtì ni, mo sì sọ orúkọ Fọláyan fún un. Nígbà tó pè mí, ó ní kí n pe orúkọ náà kí òun gbọ́ bó ṣe ń dún.

Ó kù kí n sọ fún Àṣírù. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi ń múra. Ní oṣù kìíní ọdún yìí, èmi àti Débọ́lá lọ bá a níbi tó ti ń fọ́n omi sí búlọ́ọ̀kù, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò gbójú sókè títí mo fi parí. Ó wá ní, “Bọ̀dá Clement, òwú ọjọ́sí yẹn. Ẹ ní dókítà sọ pé àyà mi mọ́.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ọdún méjì ni mo ti ń wúkọ́. Ìyàwó mi ní kí n lọ sílé ìwòsàn, mo ní Bọ̀dá Clement ti bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.” Débọ́lá bú sẹ́kún. Ọjọ́ kejì la gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kan ti bàjẹ́ dé ìdajì, ó sì ń lo oògùn títí di òní olónìí. Kò sí ìwé tí mo lè kọ tó máa tún ìyẹn ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ló wá sí Festac fúnra rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ẹ kà á lójú àwọn méjèèjì, ọmọ tiwa àti ọmọ tiyín. Ẹ kọ̀wé sí màmá òyìnbó kó wá. Tẹ́ ẹ bá fo ìlà kan, èmi àti yín parí.” Mo kọ̀wé sí Dorothy. Oṣù mẹ́rin kò fèsì, ó sì jàre. Nígbà tó fèsì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló béèrè: “Obìnrin tí mo fún lówó, ṣé ó ṣì wà láàyè?”

Dorothy ti wà níbí báyìí, Débọ́lá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi sí i létí. Wọ́n ti tún itọ́ Àṣírù yẹ̀ wò, òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò. Ìwé àdúrà Dáfídì ti kúrò lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí, Màrdíyyàh ló gbà á, ó ní òun máa kọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ íńtánẹ́ẹ̀tì jù wá lọ, ẹ máa wá ìdí ara yín. Ó dára, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ti yan ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bá níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti yàn án tẹ́lẹ̀ máa tẹ èèyàn mọ́lẹ̀ kó lè rí i. Bẹ́ ẹ bá bá ọba níbẹ̀, ẹ kí i. Bẹ́ ẹ bá bá ẹni tí wọ́n tà lọ́jà níbẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un, ẹ béèrè ohun tó ṣe lẹ́yìn tó bọ́. Ọmọ ọmọ Fọláyan ará Èkìtì ni mí, olùkọ́ Ìsíákà. Mi ò ní fi orúkọ yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ti Júù tàbí ti ọba kankan mọ́ láyé mi.

Àṣírù, mo jí ohun tó wà lára rẹ, mo sì fi irọ́ bo àìsàn rẹ mọ́lẹ̀. Dorothy, mo mú kí o fún ẹ̀jẹ̀ rẹ ní owó onítọrọ. Màrdíyyàh, mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi sí ọ lẹ́nu, ìwọ lo wá sọ ọ́ fún ìyá àgbà rẹ. Ẹ dárí jì mí. Màmá Ṣẹ̀fíátù ni mo ṣẹ̀ jù, wọn ò sì sí níbí tí mo fi máa bẹ̀ wọ́n. Mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi gba ìdáríjì lẹ́nu wọn. Èyí tẹ́ ẹ bá lè fún mi lẹ́nu tiyín, òun ni mo dúró dè.